Oògùn Ilé fún Ẹran Ilé

Ìjiyàn kan wà tí kò tíì parí nínú ilé ìjẹun láti ìgbà tí a ti fi ọgbà ewúrẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì sí ìkáwọ́ àwa mẹ́rin. Àwọn kan nínú yín bá wa ní ọ̀sán Sátidé kan níbi tí a ti ń fi epo pupa pa ewúrẹ́ lára, wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ wa bóyá a ti ń fi epo sí ọbẹ̀ kí a tó pa ẹran. Ẹ̀rín náà pa àwa pàápàá. Ṣùgbọ́n nígbà tí a rẹ́rìn-ín tán, ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀. Apá kan ní ohun ìtìjú ni kí ẹni tí yóò di olùkọ́ máa po epo fún ẹran nígbà tí dókítà ẹranko wà láyé. Apá kejì dáhùn pé àwọn baba wa ti ń sin ewúrẹ́ kí abẹ́rẹ́ tó dé, ewúrẹ́ kò sì tán nílẹ̀. Àwa tí a ń gbá ìgbẹ́ ẹran ní òròòwúrọ̀ kò lè fara mọ́ ìhà méjèèjì pátápátá, nítorí pé a ti rí ibi tí oògùn ilé ti ṣiṣẹ́, a sì ti rí ibi tí ó ti kùnà tí omijé fi dà. Ìdí nìyí tí a fi tọrọ àyè lọ́wọ́ olóòtú ìwé ìròyìn yìí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí epo náà. Ní ìgbà òjò tí ó kọjá, ewúrẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara ha ògiri tọ̀sán tòru. Irun etí rẹ̀ ń rẹ̀, ti àyíká ojú rẹ̀ sì tẹ̀lé e, títí awọ ibẹ̀ fi yi bí èèpo igi. Kí oṣù tó parí, ewúrẹ́ mẹ́fà ti ń ha ara. Kúrúnà ni. Kòkòrò kan tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i ni ó ń gbẹ́ ihò sínú awọ ẹran, níbẹ̀ ni ó ń yé ẹyin sí, ara ìfarakanra ni ó sì ń gbà dé ara èkejì nígbà tí wọ́n bá sùn pọ̀.

Bàbá tí ń ṣọ́ ọgbà náà wò wá bí a ti ń dààmú, ó ní kí a lọ ra imí ọjọ́ wá lọ́jà. Ó lọ̀ ọ́ kúnná, ó po ó mọ́ epo pupa nínú àpáàdì, ó sì yá a lórí iná díẹ̀ kí ó lè rọ̀. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí a fi pa ẹran lójú ẹsẹ̀. Ó ní kí a kọ́kọ́ fi ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn wẹ̀ wọ́n, kí èèpá náà rọ̀ kí ó sì ṣí, kí a fi wọ́n sí oòrùn kí ara wọn gbẹ, ìgbà náà ni kí a tó pa á. Ó ní kí a pa èyí tí kò tíì ha ara pẹ̀lú. Ó ní kí a kó gbogbo koríko tí wọ́n ń sùn lé jáde kí a sun ún. Kò lọ sí ilé ìwé kan rí. Bẹ́ẹ̀ náà gan-an ni ìwé tí a kà lẹ́yìn náà ní kí a ṣe.

Iṣẹ́ tí oògùn yìí ń ṣe kò ní awo nínú. Imí ọjọ́ ń pa kòkòrò kúrúnà. Àwọn dókítà ẹranko ní òkè òkun náà ti ń po ó mọ́ ẹfun fún iṣẹ́ kan náà láti ọjọ́ pípẹ́. Epo ń mú èèpá rọ̀ kí imí ọjọ́ lè dé ibi tí kòkòrò sá pamọ́ sí. Ohun tí ó kù ni pé ẹyin kòkòrò náà kì í sábà kú pẹ̀lú ìyá rẹ̀, nítorí náà ẹni tí ó bá pa á lẹ́ẹ̀kan tí ó sì jókòó yóò tún rí kúrúnà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, yóò sì máa wí pé wọ́n ṣe é ní ibi.

A fẹ́ mọ̀ bóyá epo nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́ tàbí imí ọjọ́. A so òwú pupa mọ́ ọrùn mẹ́ta nínú àwọn mẹ́fà, epo lásán ni a sì ń fi pa àwọn wọ̀nyí. Bàbá kò fẹ́ èyí rárá. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ fẹ́ fi ìyà jẹ mẹ́ta nítorí kí ẹ lè rí nǹkan kọ sínú ìwé.” A bẹ̀ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, irun tuntun ti ń hù lára àwọn tí ó gba imí ọjọ́; awọ àwọn olówùú pupa rọ̀, ó ń dán, ṣùgbọ́n wọn kò yé ha ògiri. A fi imí ọjọ́ pa gbogbo wọn ní ọjọ́ náà gan-an. Ewúrẹ́ mẹ́fà kò tó ohun tí a lè fi ṣe òfin fún ayé, a mọ̀ bẹ́ẹ̀; òwú pupa náà ni a fẹ́ kí ẹ rántí, nítorí pé a ó tún bá a pàdé níwájú.

Kí a tó kúrò lórí ọ̀rọ̀ kúrúnà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa kìlọ̀ fún àwọn ará ilé yín tí ń da ọ́ìlì ọkọ̀ dúdú, èyí tí mẹkáníìkì ti sọnù, sí ara ajá àti ewúrẹ́. Ẹran a máa fi ahọ́n lá ara rẹ̀. Ohun gbogbo tí ó wà nínú ọ́ìlì náà ni yóò wọ inú rẹ̀ lọ, awọ rẹ̀ yóò sì bó.

Ní ti aràn inú, ewúro ni a kọ́kọ́ gbọ́ ní ẹnu gbogbo ènìyàn. Àwọn ìyá wa a máa gún un, wọn a fún omi rẹ̀ fún ọmọ ewúrẹ́ tí ikùn rẹ̀ tóbi tí ìdí rẹ̀ sì rí jákujàku. A ti fẹ́ fojú di èyí kí a tó ka ìtàn kan tí ó mú wa dákẹ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1987, ní òkè Mahale ní ilẹ̀ Tanzania, Michael Huffman, ẹni tí ń ṣe ìwádìí nípa àwọn ìnàkí, àti Mohamedi Seifu Kalunde, ọmọ ilẹ̀ náà tí ó mọ ewé igbó dunjú, ń tẹ̀lé ìnàkí abo kan tí ara rẹ̀ kò yá. Ìnàkí náà kọ oúnjẹ. Ó lọ sí ìdí ewúro, irú èyí gan-an tí ó wà lẹ́yìn ilé ìdáná wa, ó bó èèpo ẹ̀ka rẹ̀, ó sì ń fa omi kíkorò inú rẹ̀ mu. Kì í ṣe oúnjẹ tí àwọn ìnàkí máa ń jẹ ní ojoojúmọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ara rẹ̀ ti yá. Nígbà tí wọ́n tún rí ìnàkí mìíràn tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọ́n yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé ẹyin aràn inú rẹ̀ dínkù púpọ̀. Ta ni ó kọ́ ìnàkí? Àwa kò mọ ohun tí a lè wí sí i, àfi pé ẹ̀rín ara wa ń pa wá, nítorí pé àwa a máa fọ ewúro títí kíkorò rẹ̀ yóò fi lọ, tí a ó sì da omi oògùn náà sí ilẹ̀.

Oògùn mìíràn wà tí a ó kàn mẹ́nu bà. Ewé ìyeyè ni wọ́n ń já fún ewúrẹ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kí ibi lè tètè wálẹ̀, ewúrẹ́ a sì máa fi ìwọra jẹ ẹ́. Ewé asunwọn òyìnbó dára fún làpálàpá, nítorí pé ohun tí ń pa làpálàpá wà nínú rẹ̀. Epo pupa tàbí òróró a máa dẹ inú ewúrẹ́ tí ó jẹ ohun tútù ní àjẹjù tí inú rẹ̀ sì wú bí ìlù, nítorí pé epo ń pa ìhó tí ó sé èémí mọ́ ọn nínú. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ń rọ ọ́ má ṣe gbé orí ẹran sókè jù, kí epo má baà ya sí ẹ̀dọ̀fóró. Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù ní májèlé tirẹ̀; oòrùn ni oògùn rẹ̀, kí a sá a kí ó gbẹ kí ẹran tó fẹnu kàn án.

A fẹ́ sọ nǹkan kan fún àwọn tí ń wí pé ohun tí baba wa kò lò, àwa kò gbọdọ̀ lò ó. Ẹ wo dóńgóyárò. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n mọ́ oògùn ìbílẹ̀ lónìí. Omi ewé rẹ̀ ni a fi ń wẹ ajá àti ewúrẹ́ nítorí kòkòrò ara, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Íńdíà ni igi náà ti wá, ọdún 1928 ni a sì mú un láti Gánà wá gbìn sí ilẹ̀ Bornu. Àwọn baba wa rí ohun àjèjì, wọ́n dán an wò, wọ́n rí i pé ó dára, wọ́n sì sọ ọ́ di tiwọn.

Adìẹ ni ó kàn. Eérú gbígbẹ tí a dà sí ibi tí adìẹ ti ń gbá ilẹ̀ dára púpọ̀ fún yọ̀rọ̀. Ata wẹ́wẹ́ nínú omi mímu ni àwọn ìyá wa fẹ́ràn jùlọ nígbà ọyẹ́. Ohun ìyanu kan wà nínú èyí: ata kì í ta ẹyẹ lẹ́nu bí ó ti ń ta ènìyàn àti ewúrẹ́, nítorí náà adìẹ a mu omi ata láìráhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí lúkúlúkú bá wọlé, tí adìẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìgbẹ́ tútù bí ewé, tí ọrùn rẹ̀ sì lọ́ sí ẹ̀yìn, ata kò lè ṣe nǹkan kan. Ọdún 1926 ni àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ mọ àrùn yìí yàtọ̀, ní erékùṣù Java àti ní ìlú Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1952 ni a kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ní agbègbè Ìbàdàn. Oògùn àjẹsára rẹ̀ kò wọ́n, a sì lè kán an sí ojú adìẹ kí ọyẹ́ tó dé. Ẹni tí ó dúró di ìgbà tí ọrùn bá lọ́ ti pẹ́ jù.

Ọ̀rọ̀ ajá olùkọ́ wa kan tún kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Ajá náà ń fi ẹsẹ̀ ha ara, ó ń jẹ àtẹ́lẹsẹ̀ ara rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde. A gbé epo àti imí ọjọ́ wa lọ pẹ̀lú ìgbéraga, kò sì ṣe nǹkan kan. A lo àdín, a lo dóńgóyárò. Ajá ń ha ara síbẹ̀. Dókítà ẹranko tí ó wò ó kò fún un ní oògùn ní ọjọ́ náà. Ó ní kì í ṣe kúrúnà, pé ara ajá náà ni ó kọ ohun kan, gẹ́gẹ́ bí edé ti ń mú ara àwọn kan wú nínú wa tí ẹni tí ó jókòó tì wọ́n sì ń jẹ ẹ́ láìsí ewu. Ó ṣàlàyé pé itọ́ kòkòrò tí ń fò nínú irun ajá ni ó sábà máa ń fa irú èyí, oúnjẹ a sì máa fà á nígbà mìíràn. A yẹ irun rẹ̀ wò, kò sí kòkòrò. Nítorí náà, ó ní kí aya olùkọ́ wa fún un ní iṣu àti ẹja nìkan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, nítorí pé ajá náà kò jẹ ẹja rí. Kò gbọdọ̀ sí egungun láti àwo ẹnikẹ́ni. Ìdílé náà fara dà á, àwọn ọmọdé ilé sì ni ó ṣòro fún jùlọ. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kẹfà, ajá ti ń sùn ní alẹ́. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ pé, wọ́n tún fún un ní ẹran màlúù gẹ́gẹ́ bí dókítà ti wí, kò sì pẹ́ tí ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ha ara. Ẹran màlúù ni èèwọ̀ rẹ̀. A kò já ewé kan fún un mọ́.

Níwọ̀n bí a ti dárúkọ ajá, àlùbọ́sà àti áyù tí àwọn kan ń fún ajá nítorí aràn a máa ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Hóró parasitámọ́ọ̀lù kan ṣoṣo sì lè pa ológbò. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwa aláwọ̀ dúdú nìkan ni a ń dán irú nǹkan wọ̀nyí wò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àwọn kan wà tí ń fún ajá àti màlúù wọn ní oògùn tí a ti fi omi là títí kò fi sí nǹkan nínú rẹ̀ mọ́, wọ́n ń pè é ní homeopathy. Ní ọdún 2017, Royal College of Veterinary Surgeons, tí ń ṣàkóso àwọn dókítà ẹranko ilẹ̀ náà, kéde pé kò sí ẹ̀rí tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ fún un, kò sì gbọdọ̀ rọ́pò ìtọ́jú tí ó ní ẹ̀rí.

Ẹ̀rí ni a fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀. Àwọn àgbà a máa wí pé oògùn tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ni ó kù ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ dídùn ni, a sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ wò ó: bí ẹran bá yè, oògùn ni ó jẹ́, bí ẹran bá kú, ewé kan ni ó kù. Ní ọ̀nà yìí, kò sí oògùn tí a lè mú ní èké láéláé. Ohun tí ó yẹ kí a máa béèrè ni iye ẹran tí ìbá yè bí a kò bá tilẹ̀ fún wọn ní nǹkan kan. Àwọn olówùú pupa ni ó ń dáhùn ìbéèrè yìí.

Ibi tí a ti rí ìdáhùn náà dunjú ni ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, níbi tí wọ́n rán àwa méjì lọ láti fi iṣẹ́ ìkọ́ni dánra wò. Opó kan ń gbé lẹ́yìn ilé ìwé tí ó ní ewúrẹ́ méje. Owó ìdánwò àṣejáde ọmọ rẹ̀ obìnrin wà lára mẹ́ta nínú wọn. Ó ti fi ìka tọ́ka sí àwọn tí yóò tà hàn wá, ó sì ti mọ ọjọ́ ọjà tí yóò tà wọ́n. Ó wá ra òbúkọ kan lọ́jà, ó sì dà á pọ̀ mọ́ wọn ní alẹ́ ọjọ́ náà. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ikun fi bẹ̀rẹ̀ sí í dà ní imú òbúkọ náà, ipin dí i lójú, egbò yọ sí i lẹ́nu, ó sì ń ṣu omi. Kata ni. Láàrin ọjọ́ mẹ́wàá kò sí ewúrẹ́ kan tí kò mú.

Obìnrin yìí kò fi ìtọ́jú du ẹran rẹ̀. A rí i pẹ̀lú ojú wa. Ó fún efínrín fún wọn nítorí inú ṣíṣàn, ó fi omi iyọ̀ nu ojú àti imú wọn, ó fi epo pa egbò ẹnu wọn, ó sì gbé fìtílà sùn tì wọ́n ní alẹ́ mẹ́rin. Mẹ́fà kú, méjì yè. Àwọn aládùúgbò sọ pé bí kò bá sí ti efínrín, méjèèjì ìbá ti kú. Àwa lọ sí ilé kejì, níbi tí baálé ilé náà kò ti fún ẹran tirẹ̀ ní ohunkóhun, tí ó kàn ń bínú. Nínú mẹ́rin tirẹ̀, ọ̀kan yè. Ìdá mẹ́rin kan níhìn-ín, ìdá mẹ́rin kan lọ́hùn-ún. Kì í ṣe pé ìtọ́jú opó náà kò wúlò. Ẹran tí a nu ojú rẹ̀, tí omi kò sì gbẹ nínú rẹ̀, ìrora rẹ̀ dínkù, òmíràn sì lè tipa bẹ́ẹ̀ yè. Ṣùgbọ́n ewé kò fọwọ́ kan kata fúnra rẹ̀.

Àrùn yìí ni àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní Côte d’Ivoire ní ọdún 1942. Kòkòrò àìfojúrí ni ó ń fà á, kò sí oògùn tí ó ń pa á nígbà tí ó bá ti wọ ara. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ó ń dá a dúró, a ó sì fẹ́ kí àwọn tí ń pe abẹ́rẹ́ ní ohun òyìnbó gbọ́ èyí dáadáa: kòkòrò tí a sọ di aláìlágbára láti fi ṣe abẹ́rẹ́ kata tí a ń lò káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà ni a rí gbà láti ara ẹran kan ní Nàìjíríà ní ọdún 1975, orúkọ rẹ̀ títí di òní sì ni Nigeria 75/1. Ẹ̀ẹ̀kan ni a ń gún un, ó sì ń dáàbò bo ewúrẹ́ fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Àrùn màlúù tí ó jẹ́ ìbátan kata, èyí tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dá ilé ìwádìí Vom sílẹ̀ ní ọdún 1924, ti parí ní ayé. Ọdún 2011 ni wọ́n kéde rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni ó parí rẹ̀. Wọ́n ti fi ọdún 2030 ṣe àfojúsùn fún kata pẹ̀lú.

Opó náà sọ fún wa pé, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹnì kan kò sọ fún mi rí pé abẹ́rẹ́ wà fún ewúrẹ́.” Ọmọ rẹ̀ kò ṣe ìdánwò ní ọdún náà.

Nítorí èyí ni a fi ṣí ìwé kan sílẹ̀ ní ọgbà ewúrẹ́. Ẹnikẹ́ni nínú yín tí ó bá mọ oògùn ilé kan fún ẹran, kí ó jọ̀wọ́ kọ ọ́ síbẹ̀ nígbà tí ó bá ti ìsinmi dé: orúkọ ewé ní ìlú yín, ìwọ̀n rẹ̀, ẹran tí a lò ó fún, iye tí ó yè àti iye tí ó kú. Iye tí ó kú ni a sábà máa ń gbàgbé. Ẹ má ṣe tijú láti kọ ọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun ni ó sì wúwo jù lọ́kàn wa. Ní ìlú kan náà, ọmọkùnrin kan ní kíláàsì kẹrin wá sí ilé ìwé pẹ̀lú àkísà tí a dì mọ́ ìka rẹ̀. A bi í léèrè. Ó ní, “Egungun há ajá wa lọ́fun, Tíṣà. Èmi ni mo ń bu epo sí i lẹ́nu, eyín rẹ̀ sì ha mi.” A béèrè bí ajá náà ti ń ṣe. Ó ní kò jẹun mọ́ láti ìjẹta, ẹnu rẹ̀ kò pa dé, itọ́ ń dà, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ẹ̀kọ́ nípa ìlera mọ̀ ohun tí èyí jẹ́. Ajá tí dìgbòlugi mú kì í fi gbogbo ìgbà sáré káàkiri láti bu ènìyàn jẹ. Òmíràn a jókòó jẹ́ẹ́, àgbọ̀n rẹ̀ a yọ́, ọ̀fun rẹ̀ a kú, ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀ yóò sì rò pé egungun ni ó há, yóò sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

A mú ọmọ náà lọ sí ìdí ẹ̀rọ omi, a fi ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ náà lábẹ́ omi tí ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 15. Ó sunkún, ó ní ìyà kí ni àwọn ń fi jẹ òun. Lẹ́yìn náà a lọ sí ilé wọn. Ọdẹ ni bàbá rẹ̀, ajá náà sì ti bá a dé igbó fún ọdún mẹ́fà. A bá a tí ó ń po epo mìíràn. A dọ̀bálẹ̀, a kí i kú ìtọ́jú ajá. A kò wí pé epo náà jẹ́ òmùgọ̀. Epo ni a fi wo ewúrẹ́ tiwa sàn. A sọ fún un pé ohun tí a rò ni dìgbòlugi, pé bí ó bá ti fi ara hàn nínú ènìyàn, kò sí ẹni tí ó lè wò ó, yálà ní ilé ìwòsàn tàbí ní ilé oníṣègùn, ṣùgbọ́n pé abẹ́rẹ́ tí a bá tètè gún kí ó tó fara hàn ń dá a dúró. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní àgbà kan wà ní abúlé kejì tí ó ní ewé dìgbòlugi. Ọ̀kan nínú wa dáhùn pé, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí abẹ́rẹ́ ṣáájú. Ẹ lè dé ọ̀dọ̀ àgbà lẹ́yìn rẹ̀.” Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tí epo àti itọ́ ajá wà lára rẹ̀, ó sì dìde wọ ẹ̀wù.

Ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ dé kò ní abẹ́rẹ́ náà. A tún wọ ọkọ̀. Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó dé ibi tí ó wà, a sì gún bàbá àti ọmọ ní alẹ́ náà. Ajá tí a ti so mọ́ igi kú ní ọjọ́ kẹta, ọdẹ sì gbẹ́ ilẹ̀ jìn fún un, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹran rẹ̀. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n lọ fún abẹ́rẹ́. A gbọ́ pé ní ìgbà kẹta ọmọ náà sá pamọ́ sí àjà.

Ara àwọn méjèèjì le. Nígbà tí ọdẹ ra ọmọ ajá mìíràn, ó ránṣẹ́ sí wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì láti béèrè oṣù tí ajá gbọ́dọ̀ pé kí ó tó lè gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. A dá a lóhùn pé oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà kí ó máa gbà á ní ọdọọdún. Ó tún béèrè ohun tí òun lè fi lé eégbọn, a sì ní kí ó fi aṣọ di ọwọ́, kí ó máa yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì máa fi omi dóńgóyárò wẹ̀ ẹ́.